Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Lọ́dún tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo dìde nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo gba máìkì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ náà kò jẹun mọ́. Bí mo ṣe là á kalẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo ní ọmọ mi ti di ẹni àdúrà àti ààwẹ̀, mo ní kò ráyè ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ mọ́, mo ní ó ń kó aṣọ ara rẹ̀ tọrẹ fún àwọn tí kò ní. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Tí mo bá rántí ọjọ́ náà báyìí, ojú máa ń tì mí lójú ara mi, inú sì máa ń bí mi, nítorí kò sí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà tí kì í ṣe òótọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni mi ò mọ̀.

Ilo-Awela ní Ọ̀tà là ń gbé nígbà náà, yàrá méjì nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá. Ìkirun ni èmi àti bàbá rẹ̀ ti wá. Òun ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọjú sílé. Èmi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Agbára. Bisikíìtì á máa bọ̀ lórí bẹ́líìtì, àwa obìnrin á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó máa ṣa èyí tó kán àti èyí tó jóná sọ́tọ̀, a ó máa di ìyókù. Ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kẹta òru. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ló máa ń rí jù. Ó lè máa sùn nígbà tí o bá dé, ó sì lè máa jáde nígbà tí o bá jí.

Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó kógbá wọlé lẹ́bàá ọ̀nà wa, kò pé oṣù mẹ́ta tí àga onírọ́bà fi kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ orúkọ ìjọ sára géètì. Ìjọ tiwa náà, inú ilé tí wọ́n ń kó páànù pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ la ti ń sìn. Tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ bá ń gbé wa lọ láàárọ̀, a máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n wọ kóòtù, ọkùnrin wọn so táì mọ́rùn, obìnrin wọn wọ bàtà gíga, bí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ariwo inú ọkọ̀ wa á dákẹ́. Kò sí ìyá nínú ọkọ̀ náà tí kì í wọ kóòtù yẹn fún ọmọ tirẹ̀ lọ́kàn.

Ọmọ mi yìí nìkan ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Alárìyá ọmọ ni, ó sì mọ èèyàn sín jẹ. Tó bá sín obìnrin tó ń ka ìkéde nínú ìjọ wa jẹ, tó ń fi imú sọ̀rọ̀, tó ń tún awò tí kò sí lójú rẹ̀ ṣe, mo lè rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn mí. Màá na ìka sí i pé, “Ọlọ́run ń wò ẹ́ o!” Òun á ní, “Mọ́mì, Ọlọ́run náà ń rẹ́rìn-ín ni.”

Ó ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, máàkì rẹ̀ ò tó. Lọ́dún kejì ó tún ṣe é, ó tún kù díẹ̀ káàtó. Lọ́jọ́ tí èsì kejì jáde, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, lẹ́yìn ẹkún ni mo wá la ẹnu mi tí kò ní ìjánu. Mo ní, “Ẹgbẹ́ ẹ ń wọ kóòtù lọ sí kíláàsì, ìwọ jókòó tì mí nílé. Àbí ìwọ náà fẹ́ wá máa ṣa bisikíìtì ni?” Ó ní, “Ẹ má bínú, mà.” Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀ pé ó fọ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo rò pé ọ̀rọ̀ gbígbóná ló máa sún un kàwé.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo ṣí kúlà tí mo bu ìrẹsì rẹ̀ sí kí n tó jáde. Bí mo ṣe bù ú ló wà. Ti ọjọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta mo bá a lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, mo bi í pé, “Ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni?” Ńṣe ló fa aṣọ bo èjìká. Wọ́n ti kọ́ wa nínú ìjọ pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í pariwo rẹ̀, nítorí náà mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí mà gbọ́n o. Mo kó ìrẹsì náà jẹ, inú mi sì dùn.

Kò pẹ́ sí i ni ìjọ kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún gbogbo ọmọ tó ń wá ààyè ní yunifásítì. Mo ní tèmi ti ṣíwájú wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ṣe tí mi ò rí orúkọ rere fún. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́, mo ní ó ti ń fara balẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá kí i, ó ní kí n sọ pé òun ò sí nílé, mo ní ó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Irun tó fẹ́ràn láti máa dì sókè, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́lẹ̀ gbágungbàgun, mo ní ó ti kọ oge sílẹ̀. Tí mo bá jí lóru tí mo rí i tó jókòó, mo ní àdúrà ló ń gbà. Ẹnu rẹ̀ kì í mì. Èmi ni mo ń bá a mì ín lọ́kàn mi.

Lọ́dọ̀ wa, tí ara ọmọ bá gbóná, ẹnikẹ́ni ló lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí kó sì mọ̀. Tí inú bá ń run ún, ọwọ́ rẹ̀ ló máa gbé sínú. Ti ọkàn, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ibi tí a máa fọwọ́ kàn. Mi ò fi èyí gba ara mi sílẹ̀ o. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Àlàájà kan ń ta gààrí àti ẹ̀wà níwájú ilé tí à ń gbé, obìnrin Ẹ̀gbá tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jọ ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sún àga fún mi.

“Àbúrò mi,” ó ní, “má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Ọmọ ẹ yẹn, kí ló ń ṣe é?”

“Ààwẹ̀ ló ń gbà, Àlàájà.”

Ó mi orí. “Láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀, mo mọ ojú ẹni tó ń gbà á. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á máa wo oòrùn, á máa béèrè pé aago mélòó ló lù. Gbogbo ara ẹ̀ á máa retí ìṣínu. Ọmọ ẹ máa ń jókòó síwájú ilé yìí nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lórí, kò ní gbójú sókè. Kò sí nǹkan tó ń retí.”

Mo ní, “Àlàájà, ààwẹ̀ tiyín yàtọ̀ sí tiwa,” mo sì dìde. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ ra gààrí lókèèrè, gààrí tó ní iyanrìn nínú, mo sì ń fi ìgbéraga jẹ ẹ́, tó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ọmọ mi jù mí lọ. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ lóòótọ́. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ló ń rí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan rẹ̀ tọrẹ. Ó fọ aṣọ, ó lọ̀ ọ́, ó kó o fún àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin. Bàtà tí mo rà fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó gbé e fún ọmọ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ìjọ. Ìyàwó pásítọ̀ dì mọ́ mi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Bí mo ṣe wá dìde gba máìkì nìyẹn. Nígbà tí mo jẹ́rìí tán, wọ́n ní kí ọmọ náà jáde síwájú, ó jáde. Gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i. Aṣọ ti tóbi jù ú, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta, ó ń wo ilẹ̀ síméńtì. Mi ò ní purọ́ pé mi ò rí i. Mo rí i, mo sì rò pé ìtìjú ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ń múra iṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Àlàájà kan ilẹ̀kùn. Láílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago ọwọ́ ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń ṣe ìṣirò, àti gbogbo ìwé tó fi ń múra ìdánwò.

“Ó kó o fún ọmọ-ọmọ mi lánàá,” ó ní. “Bú mi tó o bá fẹ́ bú mi, àbúrò mi. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kó lè wọ yunifásítì kì í kó ìwé tó fẹ́ fi wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíì. Ó ní kó máa lò ó, pé òun ò ní nílò ẹ̀ mọ́.”

Mi ò bú u, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba láílọ́ọ̀nù náà, mo tì í sábẹ́ ibùsùn, mo lọ wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ lábẹ́ afárá Ṣàngó. Ọmọ náà nìkan ni mo fi sílẹ̀ nílé. Ìyẹn ni mo máa ń rántí tí ara mi á bù máṣọ títí dòní.

Nídìí bẹ́líìtì lọ́sàn-án yẹn, bisikíìtì tó kán ń kọjá níwájú mi, mi ò ṣa ẹyọ kan. Sùpáfáísọ̀ pariwo mọ́ mi pé, “Mama, you dey sleep?” Nígbà tó wo ojú mi dáadáa, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n lọ rí nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì náà kéré, mo lè bí i. Ó wọn ìfúnpá mi, ó ní, “Mọ́mì, ó ga o. Kí lẹ̀ ń rò?”

Mo ní kò sí nǹkan, pé ọmọ mi tó ń gbààwẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ nínú ìjọ: ààwẹ̀, àdúrà òru, ìtọrẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wá ń jáde lẹ́nu mi bí ẹjọ́ tí wọ́n ń rò níwájú ọlọ́pàá. Nígbà tí mo dé orí ìwé àti aago, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó bi mí pé ṣé ọmọ náà ń sùn. Ó bi mí pé ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo wá inú orí mi títí, mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

“Mọ́mì,” ó ní, “ẹ lọ bi í bóyá ó ń rò ó láti pa ara ẹ̀.”

Mo fò dìde. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A kì í fẹnu pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí ọmọ. Kì í ṣe ẹnu tèmi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.”

“Mo mọ̀, mà. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kọ́ ló máa fi í sí i nínú. Tí kò bá sí níbẹ̀, á kàn wò yín bíi pé orí yín ti dàrú ni. Tó bá wà níbẹ̀, òun nìkan ló ti ń dá a rù láti ọjọ́ yìí. Ẹ má pariwo, ẹ má wàásù. Ẹ bi í, kẹ́ ẹ dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.”

Mi ò dúró de ọkọ̀ ilé iṣẹ́. Mo wọ ọkọ̀ èrò, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò jẹ́ kó lè lọ mọ́ kó tó dé Ṣàngó, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń sáré lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn mi, fìlà tí a fi ń bo irun nídìí bẹ́líìtì ṣì wà lórí mi. Àwọn ọlọ́jà ń yà fún mi bí wọ́n ṣe máa ń yà fún ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi tí mo lè gbàdúrà fún wákàtí méjì láìmí, àdúrà mi lọ́jọ́ náà kò gùn. Kó wà láàyè ni.

Ó wà nílé. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Oòrùn kò tíì wọ̀, mo rí ojú rẹ̀ kedere. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibi tí mi ò jókòó sí rí níwájú ọmọ tí mo bí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ lójú ọ̀nà ti fò lọ.

“Ọmọ mi, ohun yòówù kó o sọ, mi ò ní bú ẹ,” mo ní. “Ṣé ò ń rò ó láti pa ara ẹ?”

Mo ti gbé àpò ìyẹ̀fun rí nílé iṣẹ́, kò wúwo tó gbólóhùn yẹn. Mo dúró bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n dúró. Ẹnìkan ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé. Mo ń retí kó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mi ò tíì retí nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ó ní. Bó ṣe máa dá mi lóhùn tí mo bá bi í bóyá ó ti fọ abọ́ nìyẹn.

Mi ò wàásù. Ìwàásù ti dé ọ̀fun mi, Ọlọ́run mọ̀, mo gbé e mì. Mo gbá ọmọ mi mọ́ra, egungun ni mo gbá mú. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó wá sunkún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí èsì jáde. Mo gba ojú fèrèsé fi igbe pe Àlàájà, èmi tí mo ti ń bá a yan odì. Ó sáré wọlé láìborí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó lọ jókòó sí apá kejì ọmọ náà, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa gààrí tí àwọn ará oko gbé wá lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé nítorí ìyẹn ló ṣe wá.

Mo pe pásítọ̀ lórí fóònù. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú un wá fún àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Èèyàn rere ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Mo ní, “Ẹ máa bá wa gbàdúrà lọ, sà. Abẹ́òkúta là ń lọ láàárọ̀ ọ̀la.” Ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mò ń sọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ la fi ń bú ara wa tí ìjà bá dé, èmi náà sì ti fi bú èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àlàájà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bá wa lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá rí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Ohun tí mo rí ni bẹ́ńṣì gígùn kan, àwọn ìyá bíi tèmi lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wọ kóòtù yunifásítì. Dókítà obìnrin tó rí wa sọ pé àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àfọwọ́fà, ó sì ní ìtọ́jú. Mo fẹ́ kó sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn wà níbẹ̀, jíjókòó sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, oṣù kan á dáa, òmíràn á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó pẹ́. Lónìí ọmọ mi ti ní ilé tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ń sín èèyàn jẹ padà. Èmi ló ń sín jẹ jù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ọkàn mi máa ń padà sí. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo ń ka ọ̀sẹ̀ lórí ìka lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Mi ò gbààwẹ̀ kankan, mà,” ó ní. “Oúnjẹ ni kò lọ lọ́fun mi. Mọ́mì ni wọ́n ní ààwẹ̀ ni.”

Dókítà bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí kò wá sọ fún mi pé kì í ṣe ààwẹ̀. Ó ń wo dókítà. Kò bínú, kò sì wò mí.

“Inú wọn ń dùn, mà,” ó ní. “Ó ti pẹ́ gan-an tí inú wọn ti dùn sí mi kẹ́yìn.”